Ó jẹ́wọ́, síbẹ̀ adájọ́ ní òun ò gba ìwé ìjẹ́wọ́ náà wọlé. Kí ló dé?

OjúLọ̀rọ̀Wà (Ọjọ́ Ajé, 7:40 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa òfin là mí lóye lórí ọ̀rọ̀ kan tí kò jẹ́ kí n sùn.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sí kọ́ọ̀tù. Olè fọ́ ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ṣá ọkọ ọ̀rẹ́ náà lọ́gbẹ́. Wọ́n ti mú ọmọkùnrin kan. Ó jẹ́wọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá, ojú ewé mẹ́rin gbáko, ó sì tẹ̀ka sí ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi rò pé ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Bí agbẹjọ́rò ìjọba ṣe ní kí wọ́n gba ìwé náà wọlé báyìí ni lọ́yà ọmọ náà dìde, ó ní ìyà ni wọ́n fi jẹ ẹ́ kó tó tẹ̀ka. Adájọ́ bá dá ẹjọ́ gan-an dúró, wọ́n wá ń gbọ́ ẹjọ́ mìíràn nínú ẹjọ́: ṣé wọ́n lù ú àbí wọn ò lù ú? Ọlọ́pàá méjì jẹ́rìí. Ọmọ náà jẹ́rìí, ó bọ́ ẹ̀wù, ó fi ẹ̀yìn han kọ́ọ̀tù. Nígbà tó yá, adájọ́ ní òun kò gba ìwé náà.

Ohun tó dùn mí jù ni pé adájọ́ sọ ọ́ gbangba pé, ká tiẹ̀ ní òótọ́ ni gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yẹn, òun ò ní wò ó. Ẹ gbà mí, báwo ni òótọ́ á ṣe wà lórí tábìlì tí adájọ́ á ní kí wọ́n gbé e kúrò? Àwọn baba wa ló kúkú sọ pé ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ níkùnlẹ̀. Ọmọ yìí ní òun jẹ̀bi. Kí ló tún kù?

ÌyáÌbejì62 (7:58 alẹ́)

Ọmọ mi, ìbéèrè tèmi náà nìyẹn láti ọdún mẹ́sàn-án. Wọ́n pa àbúrò mi ọkùnrin. Ẹni tí wọ́n mú jẹ́wọ́, ó tún padà sẹ́. Títí di òní, kò sẹ́ni tó jìyà ikú yẹn. Mo jókòó síbí, mo fẹ́ ka ohun tí àwọn lọ́yà máa wí.

Lọ́yàAráÌlú (9:05 alẹ́)

Mama, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á tu yín nínú. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ òfin bo ìrora yín mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Ní Nàìjíríà, Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ló ń darí ọ̀rọ̀ yìí. Abala 28 sọ ohun tí ìjẹ́wọ́ jẹ́: kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn sọ, nígbàkigbà, pé òun ló ṣe é, tàbí kó sọ ohun tó ń tọ́ka síbẹ̀. Abala 29 ló wá de adájọ́ lọ́wọ́. Bí olùjẹ́jọ́ bá ní ìnira ni wọ́n fi gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu òun, tàbí pé wọ́n sọ ohun kan, tàbí wọ́n ṣe ohun kan, tó lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ di aláìṣeé-gbára-lé, adájọ́ kò gbọdọ̀ gbà á, àfi bí ìjọba bá fi hàn kọjá iyèméjì pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kíyè sí i dáadáa. Kì í ṣe olùjẹ́jọ́ ni yóò fi hàn pé wọ́n lu òun. Ìjọba ni yóò fi hàn pé wọn ò lù ú. Òfin náà sì fi kún un pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí bí ìjẹ́wọ́ náà bá tilẹ̀ lè jẹ́ òótọ́. Gbólóhùn tí ẹ gbọ́ lẹ́nu adájọ́ nìyẹn, kì í ṣe èrò ara rẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1984 lórí ọlọ́pàá àti ẹ̀rí, ní abala 76, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ inú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀.

Ìnira tí òfin ń wí, ìfìyàjẹni wà nínú rẹ̀, ìwà tó ń tẹ́ ọmọ ènìyàn wà nínú rẹ̀, lílo ipá àti fífi ipá halẹ̀ náà wà nínú rẹ̀. Nítorí náà kò dìgbà tí wọ́n bá fọwọ́ kàn ọ́. Kí wọ́n gbé ìbọn sórí tábìlì, kí wọ́n ní o mọ ohun tó kàn, ìyẹn náà ti tó.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí òwe tí ẹ pa. Ẹ tún un gbọ́: ẹlẹ́jọ́ tó bá MỌ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi. Òun fúnra rẹ̀ ló kúnlẹ̀, ọkàn rẹ̀ ló kó o wólẹ̀. Ẹni tí wọ́n gbá lẹ́sẹ̀ tó fi orúnkún gúnlẹ̀, ẹ ò lè pe ìyẹn ní ìkúnlẹ̀. Wọ́n bì í ṣubú ni. Tí èèyàn bá ń wò wọ́n láti òkèèrè, àwọn méjèèjì jọra wọn, àwọn méjèèjì ni orúnkún wọn wà nílẹ̀. Iṣẹ́ adájọ́ ni láti sún mọ́ ọn kó lè mọ èyí tó jẹ́.

Òfin yìí kì í ṣe ti àná. Ní 1783, nínú ẹjọ́ obìnrin kan tó ń jẹ́ Warickshall, àwọn adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fi ìrètí tan èèyàn sọ, tàbí tí wọ́n fi ẹ̀rù fún jáde lára rẹ̀, kò ṣeé gbà gbọ́. Ní 1914, nínú ẹjọ́ Ibrahim, ọmọ ogun kan tí wọ́n dá lẹ́jọ́ ní Hong Kong, ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù sọ ọ́ di ìlànà: ìjẹ́wọ́ gbọ́dọ̀ ti ọkàn ẹni wá, kì í ṣe nítorí ìbẹ̀rù tàbí ìlérí láti ẹnu ẹni tó wà nípò àṣẹ. Láti ibẹ̀ ló ti dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ti ṣàkóso, tiwa náà wà níbẹ̀.

Ọ̀gáFẹ̀yìntì (10:20 alẹ́)

Mo kí gbogbo ilé. Ọdún 31 ni mo fi ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá, ẹ̀ka ìwádìí ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù. Mo ka ohun tí lọ́yà kọ, mi ò bá a jiyàn lórí òfin. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ bí yàrá yẹn ṣe rí fún ẹni tó jókòó sí apá kejì tábìlì.

Wọ́n pa èèyàn lálẹ́. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọ̀gá pátápátá ti pè lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn ẹbí ti wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń sunkún. Kò sí ẹni tó ya àwòrán ìtẹ̀ka lára ilẹ̀kùn, kò sí ibi tí a lè gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò kíákíá, ẹlẹ́rìí ń bẹ̀rù, kò fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ wa ni ọmọkùnrin kan tí àdúgbò fà lé wa lọ́wọ́. Nínú gbogbo ẹ̀rí tó wà láyé, ìjẹ́wọ́ ló rọrùn jù láti rí. Kálámù kan àti ìwé ló gbà. Ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ ti ń wọlé, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ èyí pẹ̀lú. Mo ti rí ẹni tó jẹ́wọ́ láìsí ẹni tó gbé ohùn sókè sí i. Ó jókòó, ó mu omi, ó sọ gbogbo rẹ̀, ó sunkún, oorun sì gbé e lọ. Nígbà tó dé kọ́ọ̀tù ló ní a fi irin gbígbóná jó òun. Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn, nítorí mo mọ̀ pé irọ́ ni. Lọ́yà ti kọ́ gbogbo wọn ní orin kan náà.

Akẹ́kọ̀ọ́Òfin (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:15 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Bàbá, ọ̀rọ̀ yín yẹn ló jẹ́ kí n dá sí i, nítorí àwọn èèyàn máa ń da nǹkan méjì pọ̀.

Olùjẹ́jọ́ lè sọ pé: èmi kọ́ ni mo sọ ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí. Ó sì lè sọ pé: èmi ni mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi ipá gbà á lẹ́nu mi ni. Ọ̀rọ̀ kejì nìkan ló ń fa ìgbẹ́jọ́ nínú ìgbẹ́jọ́ tí OjúLọ̀rọ̀Wà rí. Tó bá jẹ́ pé ó sẹ́ lásán ni, adájọ́ yóò gba ìwé náà wọlé, yóò wá gbé e sórí ìwọ̀n. Ìlànà tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n wá láti inú ẹjọ́ Sykes ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1913, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wa sì lò ó nínú ẹjọ́ Dawa ní 1980. Ṣé ohun kan wà lẹ́yìn ìjẹ́wọ́ náà tó fi hàn pé òótọ́ ni? Ṣé ẹ̀rí mìíràn tì í lẹ́yìn? Ṣé olùjẹ́jọ́ ní àyè láti ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ náà lákòókò tí wọ́n wí? Ṣé ohun tó sọ ṣeé ṣe? Ṣé ó bá àwọn ohun yòókù tí a ti mọ̀ mu?

Nítorí náà, Mama ÌyáÌbejì, tí ẹni yẹn bá kàn sẹ́ ni, sísẹ́ rẹ̀ nìkan kò lè pa ìwé náà. Ó ní láti jẹ́ pé ohun mìíràn ló bà á jẹ́, tàbí pé kò sí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀ tó lè gbé e dúró.

ÌyáÌbejì62 (6:50 àárọ̀)

Kò sí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé yẹn nìkan ni wọ́n gbé wá.

Ògbufọ̀Kọ́ọ̀tù (8:30 àárọ̀)

Mo ń ṣe ògbufọ̀ ní kọ́ọ̀tù. Ohun kan wà tí ẹ kò tíì fẹnu bà, ó sì kan gbogbo wa tí a ń sọ èdè yìí.

Púpọ̀ nínú àwọn ìwé ìjẹ́wọ́ tí mo ń rí, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹni tó sì tẹ̀ka sí i kò gbọ́ ju Yorùbá lọ. Ọlọ́pàá gbọ́ ọ ní Yorùbá, ó yí i padà lórí ara rẹ̀, ó kọ ọ́, ó ní tẹ̀ka síbí. Ẹ wò ó bí àpẹẹrẹ. Ẹni kan sáré lọ bá aládùúgbò rẹ̀ tí wọ́n gún lọ́bẹ, ó gbé e lé itan, ẹni náà kú. Ó dé iwájú ọlọ́pàá, ó sọ pé: “Ọwọ́ mi ló kú sí.” Gbogbo wa mọ ohun tó ń wí. Àmọ́ tí ẹni tó ń kọ ọ́ bá fẹ́, tàbí tí Yorùbá rẹ̀ kò bá jinlẹ̀, yóò kọ ọ́ bí ẹni pé ọwọ́ ọkùnrin náà ló pa òkú. Ó di ìjẹ́wọ́ nìyẹn, láìsí ẹgba, láìsí ìbọn.

Òfin wa ní kí ògbufọ̀ tó yí ọ̀rọ̀ padà wá jẹ́rìí fúnra rẹ̀, kí wọ́n sì gbé èyí tí wọ́n kọ ní èdè tí olùjẹ́jọ́ sọ wá pẹ̀lú èyí tí wọ́n yí padà. Tí ògbufọ̀ kò bá wá, àgbọ́sọ lásán ni ìwé náà. Mo ti rí ìwé tó ṣubú lórí èyí nìkan. Mo sì ti rí àwọn lọ́yà tí kò bèèrè rárá ẹni tó ṣe ògbufọ̀. Èyí ń dùn mí gan-an.

OjúLọ̀rọ̀Wà (12:10 ọ̀sán)

Ẹ ṣeun, mo ń kọ́ ẹ̀kọ́. “Ọwọ́ mi ló kú sí” yẹn mú mi dákẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tún béèrè. Ká ní wọ́n lù ú lóòótọ́, ó wá sọ ibi tó kó ẹrù sí, wọ́n débẹ̀, wọ́n bá ẹrù náà. Ṣé a tún máa ní a ò rí ẹrù ni? Àti pé tí ìwé yẹn bá ti lọ, ṣé ọ̀daràn ti lọ sílé nìyẹn?

Lọ́yàAráÌlú (2:45 ọ̀sán)

Ìbéèrè gidi. Ìdáhùn kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo.

Obìnrin 1783 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, inú ibùsùn rẹ̀ ni wọ́n ti bá ẹrù tí wọ́n jí, ìjẹ́wọ́ rẹ̀ ló sì tọ́ka sí i. Àwọn adájọ́ ju ìjẹ́wọ́ nù, wọ́n gba ẹrù wọlé. Ìdí wọn ni pé ìyà lè mú ẹnu purọ́, kò lè mú ẹrù purọ́: ẹrù tó wà níbẹ̀ wà níbẹ̀. Abala 30 nínú Òfin Ẹ̀rí wa tẹ̀ lé e: bí ọ̀rọ̀ olùjẹ́jọ́ bá mú kí wọ́n rí nǹkan, wọ́n lè jẹ́rìí nípa ohun tí wọ́n rí, bí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ kò bá tiẹ̀ ṣeé gbà. Íńdíà le ju wa lọ ní apá kan. Láti 1872 ni òfin wọn ti ní ìjẹ́wọ́ tí èèyàn ṣe fún ọlọ́pàá kò wúlò láti fi dá a lẹ́bi rárá, wọ́n lù ú o, wọn ò lù ú o. Ṣùgbọ́n àwọn náà fi àyè sílẹ̀ fún ohun tí ọ̀rọ̀ náà bá mú kí wọ́n rí. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń sọ pé igi tó bá lóró, èso rẹ̀ lóró. Bí ipá bá ni wọ́n fi gba ọ̀rọ̀, ohun tí ọ̀rọ̀ náà hú jáde lè bá a lọ.

Èmi ò fara mọ́ abala 30 pátápátá, mo sọ ọ́ níbi tí gbogbo ayé á rí i. Nígbà tí ọlọ́pàá bá mọ̀ pé ẹrù á wọlé, ìdí wà fún un láti tún na ẹlòmíràn lọ́la. Tí ẹni tí kò mọ nǹkan kan bá wá wà lábẹ́ ẹgba, kò ní ẹrù kankan tó lè tọ́ka sí, ẹgba kò sì ní dúró.

Ti pé ọ̀daràn á lọ sílé: ẹ wo ẹjọ́ Miranda, ọkùnrin kan tó jẹ́wọ́ fún ọlọ́pàá. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Amẹ́ríkà, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin, wọ́gi lé ẹjọ́ rẹ̀ ní 1966 nítorí wọn kò sọ fún un pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ kó sì ní lọ́yà. Orúkọ rẹ̀ di ohun tí gbogbo ayé ń pè. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò gbọ́ ni pé wọ́n tún ẹjọ́ náà ṣe ní 1967, láìlo ìjẹ́wọ́ yẹn, wọ́n sì tún dá a lẹ́bi. Ẹ̀rí mìíràn wà, wọ́n wá a, wọ́n rí i.

ÌyáÌbejì62 (4:00 ìrọ̀lẹ́)

Lọ́yà, ẹ dá mi lóhùn. Tó bá jẹ́ ọmọ yín ni wọ́n gbé pamọ́ síbì kan, tí ẹni tó gbé e wà níwájú yín, tó ń rẹ́rìn-ín, tí kò sọ ibi tí ọmọ wà, ẹ ò ní lù ú?

Lọ́yàAráÌlú (5:30 ìrọ̀lẹ́)

Mama, màá fẹ́ lù ú. Bóyá màá lù ú. Mo jẹ́ òbí.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Frankfurt, ní Jámánì, ní 2002. Wọ́n jí ọmọdékùnrin kan gbé, wọ́n gba owó ìràpadà, ọlọ́pàá mú ẹni tó gbé e. Igbákejì ọ̀gá ọlọ́pàá ibẹ̀ ní kí wọ́n fi ìrora tí kò rí rí halẹ̀ mọ́ ọn. Wọn ò tíì nà án tó fi sọ̀rọ̀. Wọ́n débẹ̀, ọmọ náà ti kú tipẹ́, kí wọ́n tó mú ọkùnrin náà pàápàá.

Ilé-ẹjọ́ Jámánì kò gba ìjẹ́wọ́ yẹn. Wọ́n sọ fún ọkùnrin náà pé gbogbo ohun tó ti sọ fún ọlọ́pàá, wọn ò ní lò ó. Nígbà tó gbọ́ ìyẹn tán, níwájú adájọ́, pẹ̀lú lọ́yà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tún jẹ́wọ́. Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n rán an ní 2003. Ọlọ́pàá méjì tó lọ́wọ́ nínú ìhalẹ̀ náà, wọ́n dá wọn lẹ́bi ní 2004, ìyà wọn kò tó nǹkan. Ní 2010, ilé-ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ti Yúróòpù ní ìhalẹ̀ yẹn rú òfin tí kò ní àfi kankan nínú, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìdájọ́ tó rán an lẹ́wọ̀n dúró. Mo máa ń ronú lórí ẹjọ́ yìí gan-an. Òbí tó wà nínú mi mọ ohun tí ọlọ́pàá yẹn ń wá. Àmọ́ ilé-ẹjọ́ kì í ṣe òbí ẹnikẹ́ni, kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ gba ohun tí ìyà bí.

ÀbúròKẹta (8:15 alẹ́)

Mo ti ń ka ìjíròrò yìí láti àná, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gbọ́n mi.

Ọjọ́ mẹ́fà ló lò ní àhámọ́. Ní ọjọ́ kẹrin wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi í nípa ọkọ̀ kan. Ẹni tó ń bi í ní, ṣé ọkọ̀ pupa tó wà lẹ́yìn ilé yẹn kọ́ lẹ gbé? Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe mọ̀ pé ọkọ̀ náà pupa nìyẹn. Nígbà tí ìwé ìjẹ́wọ́ jáde, ọkọ̀ pupa wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn ilé wà nínú rẹ̀, olùpẹjọ́ sì wá ń sọ ní kọ́ọ̀tù pé báwo ló ṣe mọ̀ bí kì í bá ṣe òun ló gbé e?

Mo bi í lẹ́yìn tó dé, ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ fi tẹ̀ka? Mo rò pé yóò sọ pé wọ́n lù ú. Wọ́n lù ú lóòótọ́. Ohun tó sọ ni pé: “Wọ́n ní tí mo bá tẹ̀ka, màá lọ sílé. Mo ní kí n ṣá délé ná, màá wá ṣàlàyé.” Oṣù mẹ́rìnlá ló fi wà ní ẹ̀wọ̀n, tó ń dúró de ìgbẹ́jọ́. Ìyàwó rẹ̀ bímọ, kò sí ńlé. Adájọ́ ò gba ìwé yẹn wọlé, ìjọba kò ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́, wọ́n tú u sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń sọ pé adájọ́ ju òótọ́ nù, ẹ rántí pé irọ́ ni tirẹ̀, ojú ewé méjì, ó sì kún fún ohun tó dà bí òótọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́Òfin (9:00 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n ÀbúròKẹta, ẹ kú ìfaradà. Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe yẹn, ọkọ̀ pupa yẹn, òun ló wà nínú àwọn ẹjọ́ tó burú jù lágbàáyé.

Ní Cardiff, ní Wales, wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan lórí obìnrin kan tí wọ́n pa ní 1988. Wákàtí mẹ́tàlá ni wọ́n fi bi í léèrè, láàárín ọjọ́ márùn-ún. Ó sẹ́ ju ìgbà 300 lọ kó tó gbà. Kásẹ́ẹ̀tì ń yí ní gbogbo àkókò náà. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà ní 1992, ẹ̀rù ba àwọn adájọ́, wọ́n sì tú òun àti àwọn méjì tí wọ́n jọ rán lẹ́wọ̀n sílẹ̀. Ẹni tó pa obìnrin náà gan-an, DNA ló mú un, ó sì lọ sẹ́wọ̀n ní 2003. Ní New York, àwọn ọmọ márùn-ún, ọmọ ọdún 14 sí 16, ni wọ́n mú ní 1989 lórí obìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ ní Central Park. Mẹ́rin nínú wọn jẹ́wọ́ níwájú kámẹ́rà. Ohun tí kámẹ́rà kò ká ni wákàtí gígùn tó ṣáájú ìjẹ́wọ́ náà. Ní 2002, ẹlòmíràn jẹ́wọ́, DNA rẹ̀ bá a mu, ti àwọn ọmọ náà kò bá a mu rárá.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti Iwao Hakamada ní Japan. Wọ́n mú un ní 1966, wọ́n bi í léèrè fún nǹkan bí ogún ọjọ́. Ìwé ìjẹ́wọ́ 45 ni wọ́n gbé wá. Ilé-ẹjọ́ ju 44 nù, ó ní wọn ò ti ọkàn rẹ̀ wá. Ó gba ẹyọ kan tó kù, ó sì dájọ́ ikú fún un ní 1968. Ó wà ní àhámọ́ títí di 2014. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, nígbà tó ti pé ẹni ọdún 88, ilé-ẹjọ́ ní kò jẹ̀bi, wọ́n sì sọ pé àwọn olùwádìí ló hun ẹ̀rí náà, ẹyọ ìwé kan ṣoṣo yẹn wà lára rẹ̀. Tí adájọ́ bá mọ̀ pé ìgbà 44 ni ọwọ́ wọn dọ̀tí, kí ló mú kó rò pé ó mọ́ nígbà karùn-úndínláàádọ́ta?

Ọ̀gáFẹ̀yìntì (11:40 alẹ́)

Mo ti pa fóònù, mo tún tàn án.

ÀbúròKẹta, mo mọ ìbéèrè ọkọ̀ pupa yẹn. Àwa náà máa ń bi í. A kì í pè é ní irọ́. A rò pé a ń ran ẹni náà lọ́wọ́ kó lè rántí ni. Ọdún púpọ̀ kọjá kí n tó mọ̀ pé ohun tí mo ń gbọ́ padà ni ohùn ara mi.

Màá sọ èyí tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ọdún kẹta tí mo wọṣẹ́, mo jókòó sínú yàrá kan tí ọ̀gá mi ti ń fìyà jẹ ọmọkùnrin kan. Èmi ni mo mú kálámù. Mo kọ ohun tó sọ, mo kọ ọ́ dáadáa, mo sì kọ sí ìsàlẹ̀ pé ó ti ọkàn rẹ̀ wá, láìsí ìbẹ̀rù, láìsí ìlérí. Gbogbo ìwé ló ní gbólóhùn yẹn nísàlẹ̀. Mo búra lé e lórí ní kọ́ọ̀tù. Adájọ́ gbà á.

Òfin ti yí padà díẹ̀ lẹ́yìn tèmi. Òfin ìṣàkóso ẹjọ́ ọ̀daràn ti 2015 sọ nípa gbígba ìjẹ́wọ́ sórí fídíò, ó sì sọ nípa kí lọ́yà, tàbí òṣìṣẹ́ Legal Aid (àjọ ìjọba tó ń pèsè lọ́yà fún aláìní), tàbí ẹni tí ọ̀daràn-afurasí bá yàn wà níbẹ̀. Òfin tó lòdì sí ìfìyàjẹni dé ní 2017. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kan ń kùn pé ó ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Mo sọ fún wọn pé fídíò yẹn, ẹ̀yin gan-an ló ń gbà là. Ọjọ́ tí ọkùnrin tó sunkún tó sì sùn yẹn parọ́ mọ́ mi, ká ní fídíò wà, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ìgbẹ́jọ́ nínú ìgbẹ́jọ́ náà ì bá gbà. Ẹ gbà á láti ìbéèrè àkọ́kọ́ ni o. Ẹ má dúró dìgbà tó bá ti gbà kí ẹ tó tan kámẹ́rà.

Lọ́yàAráÌlú (Ọjọ́rú, 6:05 àárọ̀)

Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ní Alaska, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ wọn ti pa á láṣẹ láti 1985 pé kí wọ́n gba ohùn ìbéèrè ní àhámọ́ sílẹ̀ látòkèdélẹ̀. Ogójì ọdún rèé.

ÌyáÌbejì62 (7:20 àárọ̀)

Mo ka gbogbo rẹ̀ lóru, mo tún un kà láàárọ̀.

Ọ̀gá, inú kọ́kọ́ bí mi sí yín. Lẹ́yìn náà mo ronú sí ohun kan tí n kò rò rí láti ọdún mẹ́sàn-án. Mo ti ń bínú sí adájọ́ tó ju ìwé yẹn nù. Mi ò bi ara mi rí pé kí ló dé tó fi jẹ́ ìwé yẹn nìkan ni wọ́n gbé wá. Àbúrò mi ní fóònù lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó bi wa nípa fóònù náà. Ẹni tó ń tajà níwájú ilé sọ fún mi pé kò sí ọlọ́pàá tó bá òun sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọkùnrin yẹn ti tẹ̀ka, wọ́n ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Bí kì í bá ṣe òun, a jẹ́ pé ẹni tó ṣe é wà níta láti ọdún mẹ́sàn-án, kò sì sẹ́ni tó ń wá a.

Lọ́yàAráÌlú, ṣé èèyàn lè kọ̀wé pé kí wọ́n tún ìwádìí bẹ̀rẹ̀?

Lọ́yàAráÌlú (7:45 àárọ̀)

Ó ṣeé ṣe, Mama. Ìpànìyàn kì í gbó kọjá ẹjọ́. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ń tajà yẹn sílẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù àbúrò yín àti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, kì í ṣe síbí. Màá bá yín kọ ìwé náà, mi ò ní gba owó.

OjúLọ̀rọ̀Wà (1:30 ọ̀sán)

Ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Ó bi mí pé ṣé wọ́n ti tú ọmọ yẹn sílẹ̀ ni. Mo ní rárá, ìwé nìkan ló jáde nínú ẹjọ́, ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀. Ọkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí ojú ẹni tó ṣá a, kò sì tíì jẹ́rìí. Wọ́n sún un sí ọjọ́ kẹtàlá oṣù tó ń bọ̀. A ó lọ.